Dọ́là 5 péré tó di mílíọ̀nù 8.4 dọ́là: Àṣírí owó wúrà àtijọ́ tí àwọn olówó Amẹ́ríkà ń jà dù

Ká ní ẹnì kan ju kọ́ìnsì kan sórí tábìlì níwájú yín, tó ní dọ́là 5 lowó ọ̀hún, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò fẹ̀ tó ìdérí ìgò mínírà. Wúrà tó wà lára ẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 8 lọ. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹta, ọdún 2021, nílùú Las Vegas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n lu irú kọ́ìnsì bẹ́ẹ̀ kan ní gbàǹjo, mílíọ̀nù 8.4 dọ́là ni ẹni tó gbé e lọ san. Ẹ kà á dáadáa o, dọ́là la wí, kì í ṣe náírà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ ló ń bèèrè pé ṣé orí ẹni tó rà á pé báyìí. Ṣé wúrà yẹn yàtọ̀ sí wúrà ni? Àbí ẹbọra kan ló wà nínú ẹ̀? Kò sí ẹbọra kankan níbẹ̀. Wúrà tó wà lára ẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ìyàwó ilé ń fi sọ́rùn lọ sóde àríyá. Tí wọ́n bá gbé e fún alágbẹ̀dẹ wúrà pé kó yọ́ ọ, owó tí yóò fún wọn kò lè ra ilẹ̀kùn mọ́tò tuntun. Ohun tí ọkùnrin náà ń ra lówó iyebíye bẹ́ẹ̀ ni pé owó náà kò lẹ́gbẹ́ mọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn.

Ọdún 1822 ni wọ́n rọ owó yìí nílùú Philadelphia, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dá ilé ìrọwó sílẹ̀ sí. Ẹyẹ idì ni wọ́n yà sára àwọn owó wúrà wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe dọ́là 10 oníwúrà ní Ẹyẹ Idì. Dọ́là 5 wá di Ààbọ̀ Idì, nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná dọ́là 20 oníwúrà lọ́dún 1850, wọ́n pe tiẹ̀ ní Idì Méjì. Àkọsílẹ̀ ilé ìrọwó náà fi hàn pé Ààbọ̀ Idì tí wọ́n rọ lọ́dún 1822 jẹ́ 17,796. Lónìí, mẹ́ta péré ni aráyé mọ̀ pó ṣẹ́kù. Méjì nínú ẹ̀ wà ní Smithsonian, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Amẹ́ríkà, ìyẹn kò sì ṣeé tà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níta tí olówó lè rà. Òun ni wọ́n ra ní mílíọ̀nù 8.4 dọ́là yẹn.

NÍBO LÀWỌN YÒÓKÙ LỌ?

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bèèrè nìyẹn. Owó tó lé ní ẹgbẹ̀rún 17, kò jóná, kò sọ nù sódò, báwo ló ṣe ku mẹ́ta? Ìdáhùn ẹ̀ rọrùn: àwọn èèyàn yọ́ ọ ni. Wọn kò sì yọ́ ọ nítorí pé wọn ò mọ iyì ẹ̀. Ó ti níyì jù ni wọ́n ṣe yọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Lọ́dún 1792, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ìwọ̀n wúrà 1 bá ìwọ̀n fàdákà 15 dọ́gba. Ṣùgbọ́n lọ́jà ilẹ̀ Yúróòpù, wúrà wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá gbé ìwọ̀n wúrà 1 débẹ̀, fàdákà tí wọ́n máa kó fún un yóò lé ní 15. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí oníṣòwò máa ṣe. Yóò kó fàdákà sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà, yóò gba owó wúrà, yóò gbé e wọkọ̀ ojú omi lọ sókè òkun, yóò tà á, yóò sì jèrè. Bí wọ́n ṣe ń rọ owó tuntun ní Philadelphia ni àwọn kan ń kó o lọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kò fi ojú kan owó wúrà orílẹ̀-èdè wọn nígbà náà.

Nígbà tí ìjọba rí i pé omi ń jò nínú agbè, wọ́n ṣe òfin tuntun lọ́dún 1834. Wọ́n dín ìwọ̀n owó náà kù, dọ́là 5 tó wọn gíráàmù 8.75 tẹ́lẹ̀ di gíráàmù 8.36. Òfin yìí ló wá pa àwọn tó ṣẹ́kù. Ìdí ni pé wúrà inú dọ́là 5 àtijọ́ ti wá ju dọ́là 5 lọ lójú ọjà. Ta ló máa gbé ohun tó lé ní dọ́là 5 lọ ra ọjà dọ́là 5? Iná ni wọ́n dá wọn sí. Ẹni tó gbàgbé tirẹ̀ sínú àpótí, tàbí tó fi pamọ́ fún ẹ̀mí ìrántí lásán, òun ló ṣe wá lóore lónìí.

ÀṢẸ TÍ ROOSEVELT PA

Ogun kejì tó kọlu owó wúrà Amẹ́ríkà wáyé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, báńkì ń kógbá wọlé, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wúrà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 1933, Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó bá ní owó wúrà lọ́wọ́ kó o lọ sí báńkì, kí wọ́n fún un ní owó bébà. Iye tó lè kù sọ́wọ́ ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 100 lọ. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 tàbí owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún 10 dọ́là ló ń dúró dè é, wọ́n sì lè fi méjèèjì dá a lára.

Dọ́là 20 àti sẹ́ńtì 67 ni ìjọba fi ń ṣírò áúǹsì wúrà kan nígbà tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ aráàlú. Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 1934, wọ́n sọ ọ́ di dọ́là 35. Àwọn tó ti gbọ́ràn, tí wọ́n ti kó tiwọn sílẹ̀, ni wọ́n ń fi ìka họrí. Ìjọba wá yọ́ òbítíbitì owó wúrà náà, wọ́n sọ ọ́ di búlọ́ọ̀kù wúrà, wọ́n tì í mọ́lé. Ọdún 1974 ń parí lọ kí wọ́n tó fún ará Amẹ́ríkà láàyè láti tún ní wúrà lọ́wọ́ bó ṣe wù ú.

Ṣùgbọ́n ihò kan wà lára àṣẹ Roosevelt yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó àtijọ́ tó ṣọ̀wọ́n, tí àwọn tó ń kó owó jọ ń wá, kò sí lára ohun tí ìjọba ń gbà. Gbólóhùn kékeré yẹn ló dá ọ̀pọ̀ nǹkan sí. Ọ̀gá báńkì kan wà nílùú Baltimore tó ń jẹ́ Louis Eliasberg. Ọkùnrin yìí gbà pé wúrà ló dára kéèyàn ní, òfin sì ní kò gbọ́dọ̀ ní in. Ló bá wọ inú ihò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra owó wúrà àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kó owó jọ, kò sì sí ọlọ́pàá tó lè mú un.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ọgbọ́n wá di ìfẹ́, ìfẹ́ náà sì di wàhálà. Lọ́dún 1942, ó ra gbogbo owó tí ìdílé Clapp kó jọ ní ẹgbẹ̀rún 100 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́dún 1945, ó ra Ààbọ̀ Idì ọdún 1822 yẹn. Nígbà tó máa fi di ọdún 1950, gbogbo irú owó tí Amẹ́ríkà ti rọ rí, tí àwọn onímọ̀ ìgbà náà mọ̀, ni Eliasberg ti ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀. Ó kú lọ́dún 1976. Lọ́dún 1982, wọ́n lu àwọn owó wúrà rẹ̀ ní gbàǹjo, Ààbọ̀ Idì yẹn nìkan sì pa $687,500. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brent Pogue, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ ní Texas, ló gbé e lọ.

LẸ́TÀ KÉKERÉ TÓ Ń SỌNI DỌLỌ́LÁ

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà gan-an. Philadelphia nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń rọ owó. Nígbà tí wọ́n rí wúrà ní ìpínlẹ̀ North Carolina àti Georgia, ìjọba dá ilé ìrọwó sí Charlotte àti Dahlonega, wọ́n dá òmíràn sí New Orleans, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1838. Nígbà tí wúrà California tún jáde lọ́dún 1848, tí ayé ń rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ṣí ti San Francisco lọ́dún 1854. Lọ́dún 1870, wọ́n ṣí ti Carson City. Kí wọ́n lè mọ ibi tí owó ti wá, ilé ìrọwó kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tó ń tẹ̀ sára tiẹ̀: C, D, O, S àti CC.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó ń ka lẹ́tà yìí sí. Ẹni tó ń kó owó jọ, tó bá ti ní ti ọdún 1854, ó parí. Ọdún 1893 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Augustus Heaton gbé ìwé pélébé jáde, tó sọ fún wọn pé lẹ́tà yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé owó méjì tí wọ́n rọ lọ́dún kan náà lè yàtọ̀ síra: ọ̀kan lè pọ̀ bíi yanrìn, kí èkejì má kọjá ìka ọwọ́. Ṣùgbọ́n kó tó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ti wọ iná lọ.

Ẹ wo Ààbọ̀ Idì tí wọ́n rọ ní San Francisco lọ́dún 1854. 268 péré ni wọ́n rọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mẹ́ta laráyé mọ̀. Ọ̀kan wà ní Smithsonian, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Eliasberg, ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ Willis du Pont, ọmọ ìdílé olówó ńlá. Lóṣù kẹwàá, ọdún 1967, àwọn adigunjalè márùn-ún tí wọ́n bo ojú wọ ilé ọkùnrin yìí ní Florida, wọ́n kó owó àtijọ́ ẹ̀ lọ ràì. Wọ́n padà rí díẹ̀ gbà nínú ẹ̀. Ààbọ̀ Idì 1854 yẹn? Títí dòní, wọn ò rí i.

Ló bá di ọdún 2018. Ọkùnrin kan láti apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà gbé kọ́ìnsì kan dé ibi tí àwọn oníṣòwò owó àtijọ́ ti ń pàdé. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ayédèrú ni. Kò sì sí ẹ̀bi lára wọn, torí ta ló máa gbà pé owó tí gbogbo ayé ń wá máa jáde látinú àpò ẹni tí wọn ò mọ̀ rí? Àfi ìgbà tí ọkùnrin náà gbé e lọ sí NGC, iléeṣẹ́ tó ń yẹ owó àtijọ́ wò. Wọ́n fi àwòrán ẹ̀ wé ti Smithsonian, wọ́n rí i pé ìkan náà ni. Wọ́n tún fi wé àwòrán èyí tí wọ́n jí lọ ní Florida, bóyá òun ni. Òun kọ́. Ẹ̀kẹrin ni! Lóṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 2.16 dọ́là. Ẹ fojú inú wò ó, ká ní ọkùnrin yẹn gba ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ wò ó gbọ́, tó tà á fún wọn ní owó wúrà lásán ńkọ́?

ÀWỌN TÍ WÚRÀ WÁ BÁ NÍLÉ

Ọ̀rọ̀ orí náà tún wà níbẹ̀ o. Lóṣù kejì, ọdún 2013, tọkọtaya kan ń rìn kiri lórí ilẹ̀ wọn ní California, wọ́n mú ajá wọn dání. Wọ́n rí agolo tó ti dípẹtà tó yọrí nínú ilẹ̀. Wọ́n wú u, ó wúwo bíi òkúta. Agolo mẹ́jọ ni wọ́n wú lápapọ̀, owó wúrà 1,427 ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n rọ láàrin ọdún 1847 sí 1894. Iye tí wọ́n kọ sára gbogbo ẹ̀ jẹ́ $27,980, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní yóò tó mílíọ̀nù 10 dọ́là. Ẹyọ Idì Méjì kan tí wọ́n rọ ní San Francisco lọ́dún 1866 wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sọ pé òun nìkan tó mílíọ̀nù kan. Kí ló dé? Lọ́dún náà, ìjọba ní kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ pé àwọn gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run sára owó ọ̀hún, ṣùgbọ́n irin tuntun tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kò tètè dé San Francisco, ni wọ́n bá rọ díẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ náà. Tọkọtaya yìí gbọ́n, wọn ò jẹ́ kí aráyé mọ orúkọ wọn.

Ẹni tí ti ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ni Tommy Thompson. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1857, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Central America, tó kó èrò àti wúrà California, bá ìjì pàdé, ó sì rì sínú òkun. Èèyàn 425 ló bá a lọ. Lọ́dún 1988, Thompson àti àwọn èèyàn ẹ̀ fi ẹ̀rọ wá ọkọ̀ náà rí nísàlẹ̀ òkun tó jìn ju kìlómítà 2 lọ. Àwọn 161 ló dá owó iṣẹ́ náà fún un. Wọ́n kó wúrà jáde lóòótọ́, wọ́n tà á, àmọ́ àwọn tó dá owó ní àwọn ò rí kọ́bọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Lọ́dún 2012, adájọ́ ní kó wá, kò wá, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọdún 2015 ni wọ́n tó mú un nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Florida. Adájọ́ bi í pé owó wúrà 500 dà? Ó ní òun ò mọ ibi tó wà. Wọ́n ní kó lọ máa rántí ẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọdún tó lé ní mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, kò sì sọ.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú ọkọ̀ yìí. Idì Méjì San Francisco ti ọdún 1857 tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ lé ní 5,000, tó ń dán bíi pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn tó ń kó owó jọ máa ń wá irú ẹ̀ tó mọ́ báyìí tì. Lẹ́yìn tí ti inú òkun jáde, ó wá di èyí tó rọrùn jù láti rí lára àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ní àìrí ni òun rà, kó máa gbàdúrà kí agolo tàbí ọkọ̀ mìíràn má jáde.

KÍ LẸNI TÓ FẸ́ RÀ Ń WÒ?

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní ohun mẹ́ta làwọn ń wò. Àkọ́kọ́, mélòó ló ṣẹ́kù? Gígbó nìkan kò sọ owó di ọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ Idì Méjì tí wọ́n rọ ní ìparí àwọn ọdún 1890 ló wà nílẹ̀, torí pé wọ́n kó o sí báńkì ilẹ̀ Yúróòpù kí Roosevelt tó pàṣẹ, iye tí wọ́n sì ń tà á kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó wúrà inú ẹ̀ lọ. Èkejì, báwo ló ṣe mọ́ tó? Láti máàkì 1 dé 70 ni wọ́n ń fún owó, máàkì díẹ̀ lè sọ ẹgbẹ̀rún dọ́là di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ìkẹta, ṣé òótọ́ ni? Àwọn gbájúẹ̀ ń lẹ lẹ́tà S tàbí D mọ́ owó Philadelphia, wọ́n sì ń rọ ayédèrú tó ń dán yanranyanran. Òṣùwọ̀n máa ń tú ọ̀pọ̀ nínú wọn fó: dọ́là 20 oníwúrà gbọ́dọ̀ wọn gíráàmù 33.4. Ti lẹ́tà ni òṣùwọ̀n kò lè mú, ojú onímọ̀ ló ń mú un.

Ohun kan sì wà tí wọ́n ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá rí owó àtijọ́, ìyẹn ni pé kó má ṣe fi ọṣẹ, iyanrìn tàbí kànìnkànìn fọ̀ ọ́. A mọ̀ pé ìmọ́tótó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó fọ owó yìí ti fọ iyì ẹ̀ lọ. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun ní owó wúrà Amẹ́ríkà tóun fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ, tí kò jẹ́ kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ní ojúlówó kì í bẹ̀rù òṣùwọ̀n.

Ní ti Ààbọ̀ Idì ọdún 1822 yẹn, Virgil Brand, oníṣòwò ọtí bíà ní Chicago, rà á lọ́dún 1899, ó kú lọ́dún 1926. Eliasberg rà á, ó kú. Pogue rà á, òun náà kú lọ́dún 2019. Olówó kọ̀ọ̀kan rò pé òun ló ni owó náà, ṣùgbọ́n owó náà ló ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Gíráàmù 8 wúrà náà kò dín, kò lé. Iye tí ẹni tó kàn ṣe tán láti san nìkan ló ń yí padà.